Bí Òní Ti Rí, Ọ̀la Kì í Rí Bẹ́ẹ̀: Ìgbé Ayé Wa ní Rundle

Wọ́n ní ká sọ díẹ̀ nípa àdúgbò tí à ń gbé, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé lè mọ bí ibẹ̀ ti rí. Rundle là ń gbé, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìlú Calgary. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí a ti wà níbẹ̀, ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la sì ti gbé nínú Rundle kan ṣoṣo yìí. Ẹ ò rí i pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ Rundle, ọ̀rọ̀ ẹrù kíkó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti àárín ìlú, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní CTrain ni kó wọ̀, èyí tó ń lọ sí Saddletowne. Àárín títì 36 Street gan-an ni ojú irin náà gbà kọjá, mọ́tò ń lọ lápá kan, mọ́tò ń bọ̀ lápá kejì. Tí ẹ bá sọ̀ ní ibùdókọ̀ Rundle, ẹ ó gun orí afárá tó kọjá lókè títì. Tí ẹ bá yà sí ìwọ̀-oòrùn, Sunridge Mall lẹ máa bá níbẹ̀, àti ilé ìwòsàn Peter Lougheed. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí lẹ mọ ilé ìwòsàn náà dáadáa: ẹlòmíì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹlòmíì bímọ síbẹ̀. Tí ẹ bá yà sí ìlà-oòrùn, ilé ló kù tí ẹ máa rí, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, títí dé 52 Street. Apá ibẹ̀ ni tiwa.

Àdúgbò náà kì í ṣe ti àtijọ́. Ọdún 1973 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kí ilé tó débẹ̀, pápá gbalasa ni. Kí Òyìnbó tó dé rárá, ilẹ̀ àwọn Blackfoot, àwọn Tsuut'ina àti àwọn Stoney Nakoda ni gbogbo agbègbè yìí, àwọn tó bá ìjọba tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Treaty 7 ní ọdún 1877. Orúkọ Rundle fúnra rẹ̀, orúkọ ajíhìnrere kan ni, Robert Rundle, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ará ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ọdún 1840 ló dé Fort Edmonton, ó sì padà sílé ní 1848. Òkè ńlá kan wà ní Banff tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ nípa ìtàn, ẹ fi èyí sọ́kàn: ní 1842, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Rundle dé ìhà ibí, Mẹ́tọ́díìsì mìíràn, Thomas Birch Freeman, gúnlẹ̀ sí Badagry, ó sì lọ kí àwọn ará Abẹ́òkúta kí ọdún náà tó parí. Ìjọ kan náà ló rán àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ń yí ìgbé ayé àwọn baba wa padà lọ́hùn-ún, wọ́n ń yí ti àwọn onílẹ̀ ibí padà níbí.

Àyípadà kò sì tíì dúró. Ọdún 1985 ni ọkọ̀ ojú irin dé Rundle. Ọdún 1988 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà. Ibùdó tó tẹ̀ lé tiwa, Whitehorn, ni ojú irin náà parí sí fún ọdún pípẹ́, kó tó di pé wọ́n fà á dé McKnight ní 2007, wọ́n sì tún fà á dé Saddletowne ní 2012. Ìlú Calgary tí kò ju bí èèyàn 400,000 lọ ní ọdún 1971, nígbà tí ìjọba ka èèyàn ní 2021, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300. Èdè tí ẹ máa gbọ́ nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo láti àárín ìlú dé Rundle, ẹ ò lè kà á tán.

Ohun tó máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín ní Rundle ni orúkọ títì. Rundlehorn, Rundleside, Rundlehill, Rundleville, Rundlelawn, Rundlemere, Rundlefield: gbogbo wọn ló fi Rundle bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Calgary nìyẹn. Ó dára fún ẹni tó ń wá àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wọ àdúgbò tán tó ń wá ilé, ọ̀rọ̀ di kó káwọ́ lérí. Àfi bí ilé tí bàbá ti sọ gbogbo ọmọ ní Àjàyí. Tí bàbá bá pe “Àjàyí!”, ta ni kó dáhùn?

Ẹ̀rín la fi í rín tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan dé tí kò jọ wá lójú mọ́.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ti ojú ọjọ́ díẹ̀, torí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tó ti pẹ́ ní Calgary mọ atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní chinook. Òkun Pàsífíìkì ló ti ń bọ̀ pẹ̀lú omi nínú. Tó bá dé ara àwọn òkè Rocky, ó di dandan kó gun òkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, tó ń da òjò àti yìnyín tó rù sílẹ̀. Ìgbà tó bá fi máa sọ̀ kalẹ̀ sápá tiwa níbí, ó ti gbẹ, bó sì ṣe ń sọ̀ ló ń gbóná sí i. Ẹ ó kàn rí i lójú sánmà níwọ̀-oòrùn, kùrukùru tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ, ojú ọ̀run mọ́ kedere lábẹ́ rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, yìnyín ti ń di omi. Ní Pincher Creek, ìlú kan ní gúúsù wa, ní ọdún 1962, láàárín wákàtí kan péré, ojú ọjọ́ kúrò ní -19 ó di 22. Ní oṣù kejì ọdún 1988 tí gbogbo ayé wá ṣe Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Calgary, atẹ́gùn yìí kò jẹ́ kí àwọn tó ń fi igi fò láti orí òkè rí eré wọn ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n dá.

Ọyẹ́ tiwa nílé ní sáà. Tó bá ti dé lẹ́yìn òjò, a ti mọ̀ pé ó di ọdún tuntun kó tó lọ. Ẹ wá ìpara, ẹ wá aṣọ òtútù, ó parí. Chinook kò ní sáà. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta, ó lè lo wákàtí mẹ́ta. Tó bá sì lọ, òtútù tó ń padà bọ̀ kì í kan ilẹ̀kùn.

Ìgbà òtútù wa kejì ní Rundle ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nílé àkọ́kọ́ lọ sí èkejì ni, nínú àdúgbò kan náà, ọ̀nà rẹ̀ kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Ilé ìwé àwọn ọmọ kò yí padà. Inú wa dùn sí ìyẹn, a ní kò sí wàhálà. Àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, chinook ń fẹ́, gbogbo ilẹ̀ ń ro tótó. Ọmọ fi jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ síléèwé, kò mú fìlà, kò mú ìbọ̀wọ́.

Ọ̀kan nínú wa ti bọ́ sí shift tuntun lọ́sẹ̀ yẹn, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Èkejì rò pé àkọ́bí wa obìnrin ló máa mú àbúrò rẹ̀ wálé. Àkọ́bí rò pé bàbá ló ń bọ̀ wá gbé e. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kan. Ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, ọmọ kò sí nílé. Ní agogo márùn-ún, ilẹ̀ ti ń ṣú, atẹ́gùn ti yí padà, òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu ni jẹ. Ilé ìwé ti tì. Fóònù tí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú báàgì ọmọ, a ti pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú. Kò sẹ́ni tó rántí kọ tuntun.

A ò lè ṣàlàyé wákàtí yẹn fún yín. Ẹni tó bá bímọ á mọ̀ ọ́n. À ń sáré láti Rundle kan bọ́ sí Rundle kejì, à ń pe orúkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ ń yọ̀ lórí omi tó ti padà di yìnyín.

Ilé àtijọ́ ni ọmọ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e lọ síbẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ilé náà ṣófo, ẹni tó máa gbà á kò tíì kó wọlé. Ọmọ bá jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró dè wá. Bàbá arúgbó kan ń gbé lódìkejì títì, ará Púńjábù tó máa ń wé láwàní. Ọdún kan gbáko la fi ń mi orí síra wa láàárọ̀, kò sọ Gẹ̀ẹ́sì tó nǹkan, a ò gbọ́ èdè tirẹ̀. Bàbá yìí rí ọmọ láti ojú fèrèsé. Ó jáde, ó fi aṣọ ara rẹ̀ bò ó, ó mú un wọlé, ó fún un ní tíì gbígbóná tó kún fún mílíìkì. Nígbà tí ìyàwó ọmọ bàbá tibi iṣẹ́ dé, ó bi ọmọ wa pé níbo lò ń gbé. Ọmọ ní, “Rundle.” Ó ní Rundle wo? Ọmọ ní, “Rundle ni.” Ó rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n.

Obìnrin náà gbé e sínú mọ́tò, ó ń wà á jẹ́jẹ́ káàkiri títì lọ́kọ̀ọ̀kan, pé bóyá ọmọ á rí ohun tó mọ̀. Ojú ọ̀nà la ti pàdé wọn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí ohun tó ṣe ọmọ ju pé ọwọ́ rẹ̀ pọ́n lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ara balẹ̀, a bi í léèrè ìdí tó fi lọ síbẹ̀. A rò pé ó máa ní òun gbàgbé ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mo rò pé a ṣì máa padà síbẹ̀ ni. Ẹ ò sọ fún mi pé a ò ní padà mọ́.”

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ ká sùn. Nítorí òótọ́ ni. Nígbà tí à ń kúrò ní Nàìjíríà, a ò sọ fún àwọn ọmọ. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò kì í ṣe ohun tí à ń pariwo. Ọmọdé lè sọ ọ́ níléèwé, kó dé etí ẹni tí kò fẹ́ rere. A ní Èkó là ń lọ kí àǹtí wọn. Wọ́n wọ bàtà ìgbafẹ́ wọn, wọ́n fi ohun ìṣeré wọn sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bá ara wọn nínú ọkọ̀ òfurufú. Ká tó dé Rundle, a gbé bésímẹ́ǹtì ọ̀rẹ́ kan ní ìhà gúúsù. A ní ọjọ́ díẹ̀ ni, ó di oṣù mẹ́ta. Gbogbo ìgbà la máa ń sọ fún ọmọ pé “a ń bọ̀,” “a ò ní pẹ́,” “má ṣèyọnu.” Kí ni ọmọ fẹ́ gbà gbọ́ nínú ẹ̀? Nígbà tó ń dágbére fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé pé ó dọ̀la, títí láé ni. Nígbà tí a sì ní títí láé, ọ̀sẹ̀ méjì ni.

A ò sọ pé àṣà àwọn bàbá wa kò dára. Pípa ẹnu mọ́ gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Ṣùgbọ́n a rí i lọ́jọ́ yẹn pé kì í ṣe kíkó tí a kó ló sọ ọmọ wa nù. Ó ti kó ju bẹ́ẹ̀ lọ rí, kò sọ nù. Èyí tí a kò sọ fún un ló ṣì í lọ́nà.

A pinnu pé a ó máa jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo ilé, láti sọ ohun tó ń yí padà fún ara wa. A ní ọjọ́ Sunday. Kò ṣeé ṣe. Shift tí ọ̀kan nínú wa ń ṣe, ọjọ́ mẹ́rin iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin ìsinmi ni. Sunday mìíràn ó wà nílé, Sunday mìíràn ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, a ti fẹ́ pa á tì.

Ìyá wa tó wà ní Ìkirè la ń ṣàròyé fún lórí fóònù. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ Òyìnbó kà á? Ẹ fi ọrọọrún kà á. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún?”

A ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. A ò ronú sí i rí. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ o: kí Òyìnbó tó kó ọjọ́ méje wá, ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá. Ọrọọrún là ń pè é torí pé tí a bá ń ka ọjọ́, a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ná ọjà lónìí, ẹ ka òní ní ìkíní, ọjọ́ karùn-ún ni ọjà tún máa pé. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe ọjà títí di òní ní ọ̀pọ̀ ìlú. A bá mú kàlẹ́ńdà ara ògiri. A kà á. Gbogbo ọjọ́ tí shift ń yí padà, bóyá láti iṣẹ́ sí ìsinmi ni o, bóyá láti ìsinmi sí iṣẹ́ ni o, ọrọọrún gẹ́lẹ́ ni. Ohun tí à ń pè ní wàhálà shift, ó bá ọjà Ìkirè mu.

A kì í ṣe babaláwo. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ló wà nínú ẹgbẹ́ wa yìí, kálukú mọ ẹni tó ń sìn. Ṣùgbọ́n òye tó wà nínú òwe náà, ti gbogbo wa ni. Kò sọ pé kí babaláwo dá ayé dúró. Kò sì sọ pé kó dífá lẹ́ẹ̀kan kó lọ sùn. Ó ní kó padà wá wò ó, kó tún padà wá wò ó.

Ohun tí à ń ṣe kò le. Lálẹ́ ọrọọrún, lẹ́yìn oúnjẹ, a ó pa tẹlifíṣọ̀n. Àbíkẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àgbà ló máa sọ kẹ́yìn. A mọ̀ pé kò bá àṣà mu, ṣùgbọ́n tí àgbà bá ti sọ tirẹ̀, ọmọdé á ní òun ò ní ọ̀rọ̀. Kí ló ti yí padà? Kí ló fẹ́ yí padà? Kí ni kò yí padà? Ìbéèrè mẹ́ta náà nìyẹn. Ẹni tó máa gbé ọmọ láti iléèwé, a ó dárúkọ rẹ̀. Tíṣà tuntun, bọ́ọ̀sì tó yí àkókò rẹ̀, owó ilé tó lé, ara ìyá àgbà tí kò yá, gbogbo rẹ̀ la máa ń sọ. Èyí tó bá ju agbára ọmọdé lọ, a ó sọ ìwọ̀n tó lè gbé, ṣùgbọ́n a ò ní parọ́.

A ò mọ̀ pé ọ̀nà méjì lọ̀rọ̀ náà máa gbà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àkọ́bí wa ní òun náà ní ohun tó yí padà. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti ní kí wọ́n máa pe òun ní ìdajì orúkọ òun níléèwé, nítorí wọn ò lè pe odindi rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ bínú. Èkejì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọmọ ń sọ ohun tó fi pa mọ́, tí a bá jágbe mọ́ ọn lónìí, ó ti sọ ìkẹyìn nìyẹn. A kàn sọ fún un ìdí tí a fi sọ ọ́ lórúkọ náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a bí i. Kò tíì gbọ́ ọ rí. Ìdajì náà ni wọ́n ṣì ń pè é níléèwé. Ṣùgbọ́n ó kọ odindi rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn.

Nígbà tí chinook àkọ́kọ́ ọdún yìí fẹ́, a din àkàrà, a gbé e lọ fún Bàbá Oníláwàní. Bàbá tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní “pakora.” Àwọn náà ní tiwọn. Ọmọ wa ló fi hàn wá pé bàbá ti gbin igi kékeré kan síwájú ilé. Ó ṣì máa ń yà kí wọn. Ó mọ̀ báyìí pé ìkíni ló bá débẹ̀, pé ilé òun kọ́.

Owó ilé wa máa lé lẹ́ẹ̀rùn yìí. Ó ṣeé ṣe ká kúrò ní Rundle pátápátá. A ti sọ ọ́ lálẹ́ ọrọọrún tó kọjá. Àbíkẹ́yìn wa bi wá pé ṣé ojú irin dé ibi tí à ń lọ? A ní a ò tíì mọ̀. Ó ní, “Tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ sọ fún mi kẹ́ ẹ tó di ẹrù.” A ti ṣèlérí.

Ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ yín rèé. Lálẹ́ òní, ẹ ka nọ́ńbà ilé yín, orúkọ títì yín látòkè délẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ń lò báyìí, sí etí àwọn òbí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló fẹ́ yí padà?” Ẹ̀yin òbí, ẹ dá wọn lóhùn o.

Olúwa á máa ṣọ́ àlọ wa, á máa ṣọ́ àbọ̀ wa. Kò ní jẹ́ ká wá ọmọ wa tì. Àṣẹ.